Ìwà Bàámi yí padà lójú mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ìwà tí wọ́n bí mọ́ èèyàn ló máa bá a dé sàréè, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí nílé wa ní Ṣàgámù.

Obì gbànja ni Bàámi ń tà, ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ mọ òwò yẹn dáadáa, àwọn Hausa tó wà ní Sábó ló ń rà á tí wọ́n ń kó o lọ sókè Ọya. Bàámi gbọ́ Hausa, ó tún ń kọ́ àwa ọmọ. Àwa àti Màámi la máa ń bó obì tí wọ́n bá ti rẹ sómi, èèpo funfun yẹn á máa yọ̀ lọ́wọ́ wa, Bàámi á wá máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, bó ti wù kí ihò ẹ̀ kéré tó, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń lọ, kì í fi sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ kó wá fi èyí tó dáa bò ó lórí. Alhaji kan wà tí kì í tú apẹ̀rẹ̀ Bàámi wò rárá kó tó sanwó.

Àfi July 1999. Ìjà Yorùbá àti Hausa tó bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ Orò, wọ́n pààyàn, wọ́n sunlé, ó tún ràn dé Kano. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi bá ìjà náà lọ. Bàámi fi obì sílẹ̀, ó lọ ń ta sìmẹ́ńtì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ Sábó nílé mọ́, èèyàn tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé, títí kan àwa ọmọ ẹ̀. Ó pẹ́ gan-an bẹ́ẹ̀.

Mo kà nípa àwọn kan ní Scotland tí tíṣà kọ ìwà wọn sílẹ̀ ní 1950 nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọdún 77, ìwà àkọ́kọ́ àti ìkejì ò fẹ́ẹ̀ẹ́ bára tan mọ́. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, Bàámi nìyẹn.

Torí ó tún yí. Nígbà tó dàgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá Alhaji ṣì wà láyé, nígbà tó yá ó ní kí n gbé òun lọ. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfìgbà tí Alhaji sọ pé àbúrò òun náà kú lọ́dún yẹn. Bàámi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀! Gbogbo ọdún yẹn, ó rò pé òun nìkan lòun ṣòfò. Àwọn kan á ní ọjọ́ orí ló rọ̀ ọ́, èmi ò gbà, ọ̀rọ̀ yẹn ni. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin mú ọmọ Kaduna wálé tí ẹbí fárígá, Bàámi ló ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́ ìyàwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣàgámù nígbà yẹn, báwo làwọn òbí tiyín?