Kí ni mo lè fi rọ́pò idẹ abẹ́ Hornby Dublo?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi Hornby Dublo onírin mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí wọ́n kọ Duchess of Atholl sí lára. Idẹ abẹ́ rẹ̀ tó ń fara kan irin àárín láti gba iná ti fẹ́lẹ́ débi pé ihò ti lu sí i. Mo gé òmíràn fúnra mi. Ó gbéra, àmọ́ ó ń há níbi tí irin ti pín sí méjì, iná á sì ṣẹ́ pàrà. Èyí tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ ò ṣe déédéé (owó ìfiránṣẹ́ sì ju owó ọjà lọ!). Ẹni tó bá mọ̀: ṣé ti Dublo kékeré oní 0-6-2 (ìyẹn èyí tó ní ẹsẹ̀ ńlá mẹ́fà àti kékeré méjì lẹ́yìn) lè wọ̀ ọ́, àbí ti Duchess gan-an ni kí n máa wá?