Ṣé kí n fi RAM kún kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi, tí RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ pamọ́ sí fúngbà díẹ̀) jẹ́ 4GB, máa ń dúró gbagidi bí mo bá ti ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́fà pọ̀. Ṣé kí n fi kún un ni, àbí kí n ra tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo Task Manager (ètò inú Windows tó ń fi bí RAM ṣe kún tó hàn) nígbà tó bá dúró. Bí RAM bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, 8GB yóò ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí Windows yín bá jẹ́ ẹ̀yà 32-bit, tí kì í ṣe 64-bit, kò lè lò ju 4GB lọ, owó yín á sì ṣòfò.

Ìdáhùn: Ẹ má ra RAM irú DDR4 sí ojú ihò tí wọ́n ṣe fún irú àtijọ́, DDR3, nítorí ibi tí wọ́n gé létí wọn kò bára mu.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. RAM mi ti kún dé 93%, 64-bit sì ni Windows mi.