Kí ni mo lè máa mu dípò kọfí àti Lipton?

Mọ́mì Fèyí:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ò lè ṣe kí n má mu nǹkan gbígbóná. Àárọ̀ kọfí, ọ̀sán Lipton, alẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn Lipton tún ni, tòun ti mílíìkì tó pọ̀ dáadáa, ìgbà yẹn gan-an lara mi máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ti wá dàwátì báyìí, tí n bá dùbúlẹ̀ àyà mi á máa lù kìkìkì, dókítà yẹ̀ mí wò ó ní ọkàn mi ò ní wàhálà, àmọ́ kí n dín kaféènì kù, èròjà inú kọfí àti Lipton tó ń lé oorun. Omi gbígbóná lásán ò lè tẹ́ mi lọ́rùn o. Ṣé kí n bọ́ sórí green tea ni àbí Milo? Kí lẹ̀yin ń mu nílé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Green tea kọ́ o! Igi kan náà ni wọ́n ti ń já òun àti Lipton, kaféènì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Milo náà ní díẹ̀ torí kòkó, àmọ́ tiẹ̀ kéré gan-an. Tẹ́ ẹ bá sì ń jẹ obì, ẹ yáa dín in kù, kaféènì náà lòun fi ń lé oorun.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Mọ́mì Fèyí, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà o. Tó bá ti mọ́ èèyàn lára tó wá gé e lójijì, láàárín wákàtí 12 sí 24 orí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà sídìí kọfí. Ti alẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, tó bá yá ẹ kan ti ọ̀sán, ti àárọ̀ ló máa kẹ́yìn. Nǹkan bíi wákàtí 5 ló ń gbà kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára àgbàlagbà, èyí tẹ́ ẹ mu ní aago 8 alẹ́, ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago 1 òru, oorun wo ló fẹ́ wá?

Ìyá Ìbejì:
Ewé tíì ni o jàre, èyí táwọn kan ń pè ní koríko ọba, ẹ̀yìnkùlé mi ló wà. Màá fọ ẹ̀kúnwọ́ ewé tútù kan, màá gé e wẹ́wẹ́, màá gún ata ilẹ̀ kékeré pẹ̀lú kánáfùrù díẹ̀, tómi bá ti hó màá kó gbogbo ẹ̀ sí i, màá dé e pa, màá dín iná kù. Ẹ má máa ṣí i wò o, òórùn yẹn ló ni adùn ẹ̀, tó bá ti bá ooru jáde omi koríko lásán lẹ máa mu. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi oyin sí i. Mílíìkì ò bá a mu ṣá. Mo máa ń mu sobo gbígbóná náà, àmọ́ ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà ẹ̀ ná.

Bàbá Táyọ̀, London:
Torí mílíìkì tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, ẹ wá rooibos, ewé kan tí wọ́n ń sè mu bíi tíì. Òkè Cederberg ní South Africa ló ti ń wá, òun àti Lipton ò bára tan rárá, kò ní kaféènì kankan, omi ẹ̀ pupa, ó sì gba mílíìkì. Fún alẹ́, èmi ò tíì rí èyí tó dáa tó o.

Ẹ̀gbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́:
Ní ti kọfí àárọ̀, ìkorò yẹn lẹnu ń wá. Ẹ yan ẹ̀wà sóyà nínú páànù gbígbẹ, ẹ máa rò ó títí á fi dúdú díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jóná, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ fi asẹ́ tó kúná sẹ́ ẹ. Kò lè dà bíi kọfí pátápátá, mi ò ní tàn yín, àmọ́ ó korò, ó dúdú, ó sì ń ta sánsán.

Mọ́mì Fèyí:
Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Lọ́la ni mò ń wá ewé tíì lọ sí Bódìjà, mo sì máa bẹ ẹnì kan kó bá mi wá rooibos. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ decaf, kọfí tí wọ́n ti yọ kaféènì inú ẹ̀, ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Ó ṣì ní kaféènì díẹ̀ nínú. Ẹ lè máa fi rọ́pò kọfí àárọ̀, ẹ má tíì mu ún lálẹ́.