Ọmọ Òṣogbo tó ń bọ̀ wálé bí àlejò: ọjọ́ mẹ́fà, kí la ó kọ́kọ́ wò?

Ọmọ Òròkí Lókèèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni mí, Jámánì ni mò ń gbé láti ọdún 2003. Oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 11 àti 14, ń bọ̀ wálé fún ọjọ́ mẹ́fà. Inú fọ́tò nìkan ni àwọn ọmọ ti mọ Òṣogbo. A ò fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ náà kí ẹbí láti ojúlé dé ojúlé. A fẹ́ wo ìlú bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ṣé ọjọ́ Arugbá gan-an, ọjọ́ tí wúńdíá máa ń ru igbá ẹbọ lọ sí odò níbi ọdún Ọ̀ṣun, ló yẹ ká kó àwọn ọmọ lọ sí igbó Ọ̀ṣun? Níbo ni wọ́n ti lè fi ọwọ́ ara wọn rẹ aṣọ láró? Ọ̀nà wo ló dára láti Èkó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ibi fún mi. Ẹ bá mi sọ aago, irú bàtà, iye àkókò, àti ohun tó sábà máa ń ba ìrìn bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Amọ̀nà Igbó

Ẹ káàbọ̀ o. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kọ́kọ́ pinnu: ṣé ọdún Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ wò ni, àbí igbó Ọ̀ṣun? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ kì í rí ọ̀kankan dáadáa.

Ọdún náà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ́pópó ló ń ṣíde rẹ̀, ní ọjọ́ Ajé: Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti àwọn èèyàn rẹ̀ á jáde láti fẹsẹ̀ la ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná olójú mẹ́rìndínlógún, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀: wọ́n á tan án nírọ̀lẹ́, á máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọba pẹ̀lú àwọn olorì àti àwọn babaláwo á sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìborí Adé, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba àná jọ fún ìwúre, tẹ̀ lé e. Arugbá ló gbẹ̀yìn, ọjọ́ Ẹtì. Ààfin ló máa ń kéde ọjọ́ lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má fi déètì èṣí ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ Arugbá, èrò kún inú igbó dé etí omi. Ẹni tí kò bá tíì wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ní rí odò. Ẹ̀yìn àwọn àgbà ni ọmọ ọdún 11 á máa wò láti òwúrọ̀ dọ̀sán, kò sì sí ère kan tó máa rí bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé igbó lẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí kò sí ayẹyẹ. Ẹ wà lẹ́nu géètì ní aago mẹ́sàn-án, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ béèrè owó kámẹ́rà lọ́tọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ bá amọ̀nà sọ iye tó máa gbà àti ibi tó máa mú yín dé kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé ojúbọ etí odò lẹ fẹ́ fi parí, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ sí omi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ọdún 2005 ni UNESCO fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú ní 2009, kò dá a ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tó ń fi síméńtì ya àwòrán sára ògiri. Kàsálì Àkàngbé ló gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló gbẹ́ òkúta. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ohun èlò dá ọwọ́ mọ̀: síméńtì, igi, òkúta.

Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n: kí wọ́n tẹ̀ ba nídìí ère síméńtì ńlá kan, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á rí i níbi tí síméńtì ti là wẹ́wẹ́ bí ojú ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọ̀ pupa díẹ̀ ń ṣàn jáde. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló ti dógùn-ún. Bí ìpáàrà bá mú irin, irin á wú, á sì ti síméńtì tó bò ó títí yóò fi ya. Òjò á tún gba ojú àpá náà wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má jókòó sórí ère, kí wọ́n má sì fi ẹsẹ̀ tì í láti ya fọ́tò.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ewé jíjẹrà máa ń yọ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó bọ́ bàtà níwájú ojúbọ, nítorí náà ẹ má wọ èyí tó ní okùn gígùn. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn lọ́wọ́ ọmọ. Ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja odò náà.

Ní ti omi, mò ń bẹ̀ yín: ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi bọjú. Àwọn awagóòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, ti ba omi náà jẹ́. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn kí wọ́n má mu ún. Àwọ̀ ilẹ̀ tútù lẹ ó rí. Ẹ dúró létí rẹ̀, ẹ kí i ní "Oore Yèyé o", ó ti tó.

Ẹlẹ́kọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Amọ̀nà sọ òótọ́ nípa inú igbó, àmọ́ mo fẹ́ ta kò ó díẹ̀ nípa Arugbá. Ẹ ò ní láti wọ igbó lọ́jọ́ náà rárá. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láàárín ààfin àti igbó, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, níbi tí ògiri wà lẹ́yìn yín kí èrò má baà tì yín. Arugbá á gba iwájú yín kọjá pẹ̀lú igbá lórí. Àwọn èèyàn á máa fọwọ́ yí orí ká, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹ má dá a lọ́nà, ẹ má na fóònù sí i lójú, nítorí pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ.

Ó wá kan aró. Kò sí bí ẹ ó ṣe sọ ìtàn Òṣogbo fún ọmọ kẹ́ ẹ fo aró. Nígbà tí Lárọ́ọ̀yẹ́ àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú dó, dé etí odò tí igi tí wọ́n gé wó sómi, Ọ̀ṣun ló kígbe pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti jáde, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá ní ìlú aró.

Ẹ mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù lónìí, kẹ́míkà ni: àwọ̀ òkèèrè, kọ́sítíìkì àti háídíróòsì. Mi ò ní kò dára, ó yá, ó sì ń fúnni ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun ni ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ, ẹ béèrè tààrà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀lú ni àbí kẹ́míkà?" Aró ẹ̀lú máa ń rùn gan-an, nítorí pé ewé tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n rẹ sínú omi eérú fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó lè kan. Fóòmù aláwọ̀ aró á léfòó lójú ìkòkò, á máa dán bíi bàbà. Bí kò bá rùn, ẹ tún béèrè.

Ibi tó rọrùn jù fún àlejò láti kọ́ ọ ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Níkẹ̀ẹ́ Okúndayé dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, ẹ má kàn já wọ ibẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn wá ní aago mẹ́wàá kó ní òun fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí òun sì máa lọ ní aago méjìlá. Kò lè ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè gbọ́dọ̀ gbẹ lára aṣọ pátápátá kí aṣọ tó wọ aró. Bó bá tutù, á ṣí kúrò, aró á wọ ibi tó yẹ kó funfun. Ọjọ́ méjì ni ẹlẹ́kọ gbà. Fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ mú oníko, èyí tí a fi ìko di, tàbí alábẹ́rẹ́, èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán.

Ẹ ra aṣọ funfun olówùú gidi, ọ̀pá méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ ò bá fọ táàṣì ilé iṣẹ́ kúrò, aró ò ní mú un déédéé. Kí wọ́n di ìko le débi tí èékánná kò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí aṣọ mu omi kó tó wọ ìkòkò. Tó bá wọ inú rẹ̀, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ rì, kí wọ́n má rò ó bí ẹni ń ro ọkà, nítorí atẹ́gùn máa ń ba aró inú ìkòkò jẹ́.

Ibi tó máa ya àwọn ọmọ lẹ́nu nìyí: tí wọ́n bá fa aṣọ náà jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní. Lójú wọn báyìí, ní ìṣẹ́jú díẹ̀, atẹ́gùn á sọ ọ́ di aró. Kí wọ́n dúró kó yí tán kí wọ́n tó tì í padà. Ìkánjú níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí aró jinlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì á fún yín ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Kó tó dúdú, á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó gbẹ kí ẹ tó tú u. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ ní Jámánì, lọ́tọ̀ sí aṣọ yòókù.

Bí ẹ bá ń rà á lọ́jà, ẹ yí aṣọ padà. Ojú kan ṣoṣo la máa ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ gidi máa ń dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ràndànràndàn, àwòrán rẹ̀ á sì bára mu láìyàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin. Ọwọ́ èèyàn kì í fa ìlà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Òròkí Lókèèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n àti Màmá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀gbẹ́ títì la ó ti wo Arugbá. Ṣé ọkọ̀ ojú irin lè gbé wa dé Òṣogbo? Àti pé, ṣé oṣù kẹjọ dára fún lílọ wo omi tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà?

Awakọ̀ Old Garage

Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló ń parí sí. Ẹ ó tún wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ní báàgì mẹ́rin, ẹ gba mọ́tò láti Èkó tààrà. Kẹ́ ẹ kúrò ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ìpàdé ńlá láwọn ibùdó ìjọ tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn máa ń dí ọ̀nà pa. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Gbọ̀ngán, Akódà, Ẹdẹ ni mo fọwọ́ sí. Ọ̀nà Ìwó wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ béèrè bó ṣe rí lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má ṣe é lálẹ́.

Láàárín ìgboro, kẹ̀kẹ́ àti kòróòpe ti tó. Ṣéńjì ni kẹ́ ẹ máa mú dání. Bó bá jẹ́ dúróòpù fún gbogbo ọjọ́, ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ tán: wákàtí mélòó, ta ló ra epo, èló ni ìdúró. Káàdì ilé ìfowópamọ́ ilẹ̀ òkèèrè lè kọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ má gbára lé e nìkan.

Erin-Ìjẹ̀ṣà: ẹ gba Iléṣà, kẹ́ ẹ wá kọrí sọ́nà Àkúrẹ́. Ẹ kúrò ní aago méje. Ìpele méje ni omi Olúmirin. Nínú oṣù kẹjọ omi pọ̀, ó rẹwà gan-an, àmọ́ òkúta ń yọ̀. Ẹ fi àwọn ọmọ mọ sí ìpele kìíní, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ẹni tó ti pẹ́ ní òkèèrè, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá ibà jà ti dín kù, àwọn ọmọ yín kò sì ní in rí. Ẹ lọ rí dókítà ní Jámánì fún oògùn tó ń dènà ibà. Kẹ́ ẹ tó gbéra ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ ó sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà, fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá sọ. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wọlé ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò. Bí ara ọmọ bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an pé Nàìjíríà lẹ ti dé.

Amọ̀nà Igbó

Mo gba ti Màmá Ẹlẹ́kọ lórí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ọjọ́ tó bá kù, ẹ lo ìdajì rẹ̀ ní ọ̀nà Ìbòkun, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àdùnní Olórìṣà wà. Ilé tí èèyàn ń gbé ni, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún 14 yẹn nípa Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ni Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh àti Múráínà Oyèlámì ti jáde. Ìdajì tó kù, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lọ́dọ̀ àwọn Àyàn, àwọn ìdílé onílù. Kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìlù sọ orúkọ àwọn ọmọ náà fún wọn.

Bí ẹ bá ra ère, pàápàá èyí tó bá jọ ohun àtijọ́, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ́ ẹ tó kúrò ní Òṣogbo, torí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Tó bá jẹ́ ìlù dùndún, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù Jámánì nípa awọ ewúrẹ́. Tó bá délé, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru lákòókò òtútù. Atẹ́gùn gbígbẹ ibẹ̀ máa ń fa awọ le títí á fi ya létí. Ẹ dẹ ọsán rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ bò ó.