Ṣé kí a kó lọ sí ìlú kékeré? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Bàbá Ọmọ Méjì

Ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ti ń fà láti bí oṣù mẹ́rin, a ò sì tíì rí ibi fàbọ̀ sí. Mo ní kí n gbé e wá síbí, torí ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Ìlú ńlá là ń gbé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé. Bí mo bá sì tètè wọlé lálẹ́, á ti di aago mẹ́jọ. Ọmọ wa àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ojú oorun ni mo máa ń bá èyí àbúrò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Èmi ni mo wà nítòsí jù. Mo na ọwọ́ sí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń sunkún lọ bá ọmọbìnrin tó ń bá wa tọ́jú wọn. Ọwọ́ tí mo nà yẹn, mi ò tètè rántí ká a kò.

Ní báyìí, ibi iṣẹ́ mi ti gbà kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé, kí n máa yọjú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ìlú kékeré kan wà tí a ní lọ́kàn, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni láti ibí. Owó ilé níbẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí à ń san lọ, ọgbà sì wà níwájú ilé. Àmọ́ apòògùn ni ìyàwó mi, ó máa ní láti wá iṣẹ́ tuntun. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé ọmọ wa àgbà ò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló ń lò sí etí méjèèjì, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó kúrò ní ìlú ńlá, kí ni ojú yín rí? Kí lẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín kí ẹ tó di ẹrù?

Èsì, láti ọwọ́ Oníṣirò Owó

Bàbá Ọmọ Méjì, ẹ kú làálàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ti orúnkún ọmọ yẹn. Ọdún kẹfà rèé tí èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti kó, màá sì sọ ohun tí mo mọ̀ láìfi bò.

Kí a tó kó, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ iye wákàtí tí mo ń lò lójú ọ̀nà sínú ìwé kékeré kan. Wákàtí 41 ló jẹ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Nígbà tí a débí, mo tún un kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò pé wákàtí 7. Lọ́jọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo délé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ọmọ mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó ń to páálí tí a fi kó ẹrù lé ara wọn. Ó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ara yín ò yá ni?" Ní ìlú ńlá, àfi tí àìsàn bá dá mi padà ni mo fi ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Mo jókòó tì í, mi ò tíì bọ́ báàgì lọ́rùn tí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Ní 2004, Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin 909 ní Texas kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lánàá, àti bó ṣe rí lára wọn. Ìrìn àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ ilé pàápàá sàn jù ú lọ. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

Torí náà, tó bá jẹ́ ti àkókò ni, ẹ máa bọ̀. Ti owó lẹ máa fara balẹ̀ sí. Owó ilé já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì lo ọdún kan tí a fi ra ọkọ̀ kejì, torí bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìrìnàjò padà sí ìlú ńlá náà ò lópin: lónìí a lọ kí òbí, lọ́la a lọ rí dókítà eyín, lọ́túnla ìwé kan ló ku tí wọn ò lè ṣe níbí. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ parí, ìdajì ohun tí a rò pé à ń fi pamọ́ ti gba ibòmíràn lọ.

Èyí tí mo wá ń bọ̀ wá sọ gan-an nìyí. Ní ìlú kékeré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ nǹkan. Ilé-iṣẹ́ gidi kan, dókítà ọmọdé kan, mẹkáníìkì kan tó mọ irú ọkọ̀ yín. Tó bá dára, ẹ máa gbádùn rẹ̀ ju ti ìlú ńlá lọ, torí wọ́n á mọ orúkọ yín, wọ́n á mọ ti ọmọ yín. Tó bá bàjẹ́, kò sí èkejì. Lọ́dún kẹta wa, ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Ká ní ìlú ńlá ni, ǹ bá ti kọ lẹ́tà sí ibi ogún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti kọ orúkọ àwọn ibi tó lè nílò ẹni bíi tèmi. Omi tí mo gbé kaná ò tíì hó tí orúkọ fi tán. Mẹ́ta péré ni. Oṣù méje ni mo fi wà nílé, gbogbo owó tí a ti tù jọ la jẹ dé ìdí. Ní báyìí, àwọn oníbàárà tó wà níbòmíràn ni mo ń bá ṣírò owó láti ilé, bó ṣe di pé mo tún rójú nìyẹn.

Ẹ mú bébà, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jókòó. Ibi mélòó ló ń gba apòògùn níbẹ̀? Tí ọ̀kan bá tì, èwo ló kàn? Ti ọmọ yín ni kí ẹ wádìí jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, mo sì ti tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má kàn béèrè bóyá onímọ̀ etí wà. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tó ń wà lórí ìjókòó lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ tó bá lọ. Rọ́bà rírọ̀ tó ń wọ ihò etí yẹn, bí ọmọ ṣe ń dàgbà ló ń kéré fún un, tí ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ta ni yóò máa wọn tuntun fún un? Ṣé wákàtí mẹ́ta lẹ ó máa wa ọkọ̀ nítorí rọ́bà?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìlú kékeré ti lè gbè é. Ẹ̀rọ yẹn ń gbé ohùn olùkọ́ sókè, ó sì ń gbé ariwo àga àti ti ọkọ̀ ìta sókè pẹ̀lú. Àwọn tuntun ń gbìyànjú láti dín ariwo kù, wọn ò lè mú un kúrò tán. Kíláàsì tí ọmọ ò pọ̀ nínú rẹ̀, ní àdúgbò tó pa rọ́rọ́, lè ṣe fún etí ọmọ yín ohun tí ẹ̀rọ olówó gọbọi ò lè ṣe.

Èsì, láti ọwọ́ Mo Padà

Ọdún méjì lèmi lò ní ìlú kékeré kan, mo sì padà sí ìlú ńlá. Àpọ́n ni mí nígbà náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe láti ilé. Kò sí ohun tó ṣe ìlú náà. Íntánẹ́ẹ̀tì ń yára, ilé dára. Èèyàn ni mi ò ní. Gbogbo wọn ti mọ ara wọn láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kí èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á béèrè àlàáfíà, àmọ́ ọ̀rẹ́ wọn ti pé. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹnì kan pè mí lórí fóònù. Bí mo ṣe la ẹnu, ohùn mi ha. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láti ọjọ́ Ajé, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ní 2018, Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas, ṣírò pé ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ lásán tó di ọ̀rẹ́ tí kò tíì jinlẹ̀, ó sì ń lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹni tó ń lọ ọ́fíìsì á rí wákàtí wọ̀nyẹn láìmọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, àfi kó lọ wá wọn. Ẹ̀yin ní ọmọ, ẹ máa bá àwọn òbí mìíràn pàdé lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Síbẹ̀, oṣù àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti wọ ẹgbẹ́ kan, ì báà jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tàbí ti orin. Èmi sọ pé kí n kọ́kọ́ farabalẹ̀ ná. Ọdún kan kọjá.

Èsì, láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ètò Ìlú

Díẹ̀ ni tèmi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Luis Bettencourt, Geoffrey West àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kọ ọ́ ní 2007 pé bí iye èèyàn ìlú bá di ìlọ́po méjì, owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń pọ̀ sí i. Ìwà ọ̀daràn àti àìsàn tó ń ràn náà ń gbèrú báyẹn, torí ìpàdé èèyàn lemọ́lemọ́ ló bí méjèèjì. Ọ̀dọ̀ yín, owó oṣù ìlú ńlá lẹ fẹ́ máa gbà ní ìlú kékeré. Ó dáa gan-an, tí ọ̀gá ò bá yí ọkàn padà. Ẹ gba ìwé tó sọ ọ́ pé owó oṣù yín ò ní dín kù nítorí ibi tí ẹ ń gbé, àti bí ó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó lè ní kí ẹ padà wá sí ọ́fíìsì.

Bàbá Ọmọ Méjì

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A mú bébà lóòótọ́. Ibi márùn-ún ló ń gba apòògùn, a ò mọ̀ pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ti kọ lẹ́tà sí méjì. Onímọ̀ etí, ẹyọ kan ni, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló ń wá. Òmíràn wà ní ìlú tó tẹ̀ lé e, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ wa lọ́rọ̀ sísọ ní òun lè máa bá a ṣe é lórí fídíò, kí a máa gbé e wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ yọjú sí ọ́fíìsì. Níbi iṣẹ́, ọdọọdún ni wọ́n máa tún ìwé náà ṣe, wọn ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti wá pinnu pé ilé ọdún kan péré la máa gbà. Kí a tó san owó, a máa lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Oníṣirò Owó

Ìyẹn dáa. Ẹ mú ọmọ àgbà dání lọ sí ilé-ìwé tí ẹ fẹ́, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kó jókòó ní kíláàsì fún àárọ̀ kan, lẹ́yìn pátápátá, kì í ṣe ìjókòó iwájú tí wọ́n máa ń fún àlejò. Tó bá jáde, ẹ má béèrè bóyá ó fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ ní kó sọ ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn fún yín.