Àyàsógiri kọ́ o: ọ̀rọ̀ lórí yà, kùn àti fín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ èdè wa kò le. Kí ni ká máa pe iṣẹ́ ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń ṣe sára ògiri ìta nígbà àjọ̀dún, ewé, ẹyẹ, odò àti ẹranko tí gbogbo àdúgbò ń dúró wò? Ẹ̀gbọ́n wa kan dá "àyàsógiri", wọ́n ní à-yà-sí-ògiri ni. Èmi fi "ìkùnlọ́nà" lélẹ̀, ì-kùn-ní-ọnà. Ẹnìkan dá mi lóhùn pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tó ń kùn lọ lójú pópó, ló ń ṣe ìkùnlọ́nà. Ẹlòmíì ní kí a má da ara wa láàmú, "àwòrán ara ògiri" ti tó. N óò dá kálukú lóhùn, ṣùgbọ́n n óò pẹ́ lórí ti ẹ̀gbọ́n, nítorí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, mo forí balẹ̀, àmọ́ àyàsógiri kò bọ́ sí i. Ẹ pè é sétí ọmọ tí kò tíì rí i lákọsílẹ̀, kí ẹ wá bi í pé kí ló gbọ́. Àyà ni yóò gbọ́. Àyà tó ń já, àyà tó ń le, òun náà ni yóò rò pé wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ẹ ó ní ìkùn tèmi náà jọ ikùn tí a fi ń jẹun. Rárá o. Ikùn, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìkùn, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Etí Yorùbá gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Àyà tiyín àti àyà tí ọkàn wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ ni méjèèjì, kò sí ohun tó yà wọ́n.

Tó bá jẹ́ ohùn nìkan, mo lè gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ gan-an ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Yà, ti ìlà ni. Kùn ni ti ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan tó gùn ní mítà 6, tó ga ní mítà 3. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú àwòrán, ó kọ́kọ́ máa fọ ògiri ni. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle ni wọ́n fi ń ha erùpẹ̀ àti ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń ṣí. Níbi tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù nítorí omi òrùlé, wọ́n á po háípò apá kan mọ́ omi apá mẹ́ta, wọ́n á ta á sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wá fi omi ṣàn án. Ẹni tó bá kùn lé e láìpa á, ó ń tan ara rẹ̀. Yóò tún gba abẹ́ ọ̀dà hù jáde. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri náà ni, ó gbọ́dọ̀ dúró tó ọjọ́ 28. Agbára sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ àwọ̀, pàápàá àwọn àwọ̀ títàn, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì máa ń gbé iyọ̀ jáde, ẹ ó rí i bí ìyẹ̀fun funfun lójú iṣẹ́. Ọ̀dà olómi tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní emulsion ló dára fún un. Gloss, ọ̀dà elépo, ń dán o, ṣùgbọ́n ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú ògiri. Tí oòrùn bá mú un, yóò wú bí ara tó jóná, yóò sì bó.

Lẹ́yìn náà ni yíyà. Ẹni tó ti ya iṣẹ́ náà sórí bébà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 30 yóò pín in sí àpótí-àpótí, sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́nà méjèèjì. Yóò pín ògiri bẹ́ẹ̀ náà, sẹ̀ǹtímítà 50. Méjìlá ní ìbú, mẹ́fà ní òró, àpótí 72. Okùn tí wọ́n fi ẹfun pa ni wọ́n ń nà láti igun dé igun, wọ́n á fà á, wọ́n á jù ú sílẹ̀, ìlà á hàn. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan lórí bébà ni wọ́n ń yà sínú ẹnìkejì rẹ̀ lára ògiri. Èédú kò dára fún ìlà yẹn, ó máa ń sọ ọ̀dà funfun di eérú. Ẹfun ìkọ̀wé ni. Gbogbo yíyà náà kò ju ẹfun ìkọ̀wé mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, òjò kan ṣoṣo sì lè fọ̀ ọ́ dànù.

Ọ̀dà ńkọ́? Mítà 6 sí 3, mítà onígun mẹ́rin 18 ni. Lítà kan ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kùn ún, ìyẹn lítà 3.6, láìka ìpìlẹ̀ funfun tó ti lọ ṣáájú. Ògiri tí kò jọ̀lọ̀ máa ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra lítà 5. Ẹfun mẹ́rin fún yíyà, lítà 5 fún kíkùn. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kó sọ orúkọ iṣẹ́ náà?

Ẹ wo ewé kókò kan tó ga tó ènìyàn lára ògiri. Àwọ̀ ewé tó dúdú jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kùn délẹ̀, títí dé etí ìlà. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, ó tó wákàtí méjì lọ́jọ́ oòrùn. Àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ á tẹ̀lé e láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní mu ọ̀dà yó, kí ti ìsàlẹ̀ lè máa hàn lójú àlàfo. Ẹni tó bá kánjú, tó kùn ún lórí tútù, búrọ́ọ̀ṣì á ká ti àkọ́kọ́ kúrò, sìmẹ́ńtì á yọjú bí egbò. Iṣan ewé ló gbẹ̀yìn, búrọ́ọ̀ṣì tí ìbú rẹ̀ kò ju ìka kan lọ, láti ìdí ewé bọ̀ wá sí etí, láìdúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí iṣan bá fi máa parí, ìlà ẹfun àkọ́kọ́ ti sọnù sábẹ́ ọ̀dà. Kò sí ohun kankan lójú ògiri mọ́ tó jẹ́ iṣẹ́ yà.

Àwọn ìyá wa mọ èyí kí a tó dá ẹgbẹ́ èdè sílẹ̀. Wọ́n ń rẹ́ ilé, wọ́n ń pa ilẹ̀ ilé, wọ́n ń fín igbá, wọ́n ń pa aṣọ láró, wọ́n sì ń kun ara lósùn. Ẹ kò ní gbọ́ kí ìyá kan fi ọ̀kan pe èkejì. N'Ífẹ̀, àwọn obìnrin Òrìṣà Ìkirè ló ń tún ògiri ojúbọ kùn lọ́dọọdún kí ọdún òrìṣà náà tó dé. Kíkùn lórí kíkùn ni, ti ọdún yìí bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Àjọ̀dún ìkùnlọ́nà ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, àwa ará ìgboro la gbàgbé pé wọ́n ti ń ṣe é.

Àwọ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni àwọn àgbà ti ní ká kà á: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn mẹ́ta yẹn kun ẹyẹ mẹ́ta wọ̀nyí sára ògiri ìta, kó mọ ìwà wọn. Ẹfun ń bo ògiri dáadáa, ṣùgbọ́n omi lásán kò lè dè é mọ́ ọn, yóò máa ràn mọ́ aṣọ ẹni tó bá fara tì í. Aró, ti aṣọ ni. Kò ní ara tí yóò fi bo ògiri, àfi tí wọ́n bá pò ó mọ́ ẹfun, ìgbà náà ni yóò di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Osùn dára lójú lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún, oòrùn á sì ṣá a láìpẹ́. Ilẹ̀ pupa ni kì í ṣá, nítorí ìpáàrà irin ló fún un láwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọ̀dà tí a ń rà lọ́jà: pupa títàn àti yẹ́lò títàn ló ń kọ́kọ́ lọ lára ògiri tó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, pupa tó jọ ilẹ̀ á sì kù síbẹ̀.

Ó ku ohùn tèmi. Àbúrò kan ní ìkunlọ́nà ló yẹ kí n kọ, nítorí "kun ilé" là ń kọ, a kì í kọ "kùn ilé". Àbúrò, o gbọ́ apá kan òfin náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ń gòkè sí àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: kun ilé, kun ara. Ìdí nìyẹn tí ìkunra fi jẹ́ ìkunra. Ṣùgbọ́n ó kùn ún, ohùn ìsàlẹ̀ padà. Lọ́nà kì í ṣe àbọ̀, ní ló ṣíwájú rẹ̀. Wo ìyàsọ́tọ̀, wo ìyàsímímọ́: yà kò gòkè níwájú sí. Kùn kò ní gòkè níwájú ní. Tí o bá sì gbé e sí àárín, kun ẹran lo máa gbọ́, alápatà lo pè wá síbi ògiri yẹn.

Ní ti ẹni tó ń gbọ́ ìráhùn lójú pópó: òótọ́ ni pé ní ọnà àti ní ọ̀nà, lọ́nà ni méjèèjì ń dà. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ "ó fín igbá náà lọ́nà" tó rò pé ojú títì ni wọ́n ti fín in? Fín lọ́nà, kùn lósùn, pa láró: ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà, ìkùnlọ́nà kàn tẹ̀lé wọn ni. Ọnà, ohùn àárín, ló wà níbẹ̀. Òun náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà márùn-ún kan n'Ífẹ̀ fi sọ ẹgbẹ́ wọn ní 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru. Ohun tó dùn mí ni pé lórí ìkànnì yìí náà ni wọ́n ti ń kọ ọ́ ní "Ọ̀nà", bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ojú títì ni wọ́n.

"Àwòrán ara ògiri" kò burú fún àlàyé. Àmọ́ fọ́tò bàbá àgbà tí a fi ìṣó kọ́ sí pálọ̀, àwòrán ara ògiri ni òun náà. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹni tó bi mí pé yunifásítì wo ni mo ti kọ́ ìmọ̀ èdè, èmi kò ní dáhùn, torí kì í ṣe ìyẹn ló wà nílẹ̀. Ẹ lọ bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò ẹfun pé kí ló ń ṣe. Tó bá ní "mò ń yà", n óò gba àyàsógiri láìjanpata.

Ẹ̀gbọ́n tún ka iṣẹ́ igbó Òṣun l'Óṣogbo mọ́ àyàsógiri. Ẹ má bínú, ibẹ̀ náà kì í ṣe ti yà. Àwọn ògiri tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti Adébísí Àkànjí tó ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà ṣe, kí UNESCO tó fi igbó náà kún ogún àgbáyé ní 2005, sìmẹ́ńtì ni wọ́n mọ. Mọ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Kò yà, kò kùn.

Ibi tó rú mi lójú ni ọ̀dà agolo tí wọ́n ń tẹ̀ lórí. Ní Kútọnu, ògiri gígùn etí èbúté tí àjọ̀dún Effet Graff ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ oríṣiríṣi jọ, agolo ni wọ́n lò jù. Tí agolo bá ń ṣiṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì kì í kan ògiri. Ọwọ́ á jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 kí ó lè fọ́n ká bí ìkùukùu, á sún mọ́ ọn tó 5 kí ìlà lè mú. Tó bá pẹ́ lójú kan, ọ̀dà á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Àwa ń fín lọ́fínńdà, a ń fín oògùn ẹ̀fọn. Fín ni ọwọ́ yẹn ń ṣe, òótọ́ ni. Ṣé ìfínlọ́nà ni ká wá pè é? Àwọn onígbá ti ni fín yẹn tipẹ́, ohùn òkè ni méjèèjì, àpólà "fín in lọ́nà" sì ti jẹ́ tiwọn pátápátá. Mo ti gbé e sọ́tùn-ún gbé e sósì, n kò rí ibi tí mo lè gbé e kà. Ẹ̀yin Àjàṣẹ́ àti Kétu tó wà láàárín wa, tí ẹ ń gbọ́ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń pe iṣẹ́ wọn lẹ́nu, kí ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá gbé agolo lọ́wọ́?