Ọmọ ológbò wa kò gbé orí mọ́, ẹ gbà wá o

Ìyá Fọlá, Ìsánlú: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ológbò tí Fọlá gbé wálé láti ẹ̀yìn ọjà, láti àná ni kò ti jẹun. Bàbá Fọlá ní kí n fi í sílẹ̀, ológbò lásán ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ jù ú sígbó nítorí pé ó dúdú. Èmi nìkan ni mo jí lóru nínú ọyẹ́ yìí. Fọlá ò lọ sílé ìwé, ẹkún ló ń sun. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Mọ̀pà: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ojú rẹ̀ ti là? Kí lẹ fún un jẹ?

Bàbá Kàbà: Ológbò ìyá àgbà wa bí mẹ́rin sínú àpò gààrí nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó tọ́jú wọn, gbogbo wọn yè. Ẹ fún un ní mílíìkì, kẹ́ ẹ lọ sùn.

Àǹtí Mọ̀pà: Ìyá wọn ló tọ́jú wọn, Bàbá! Mílíìkì màlúù á mú un ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ á sì tán.

Ìyá Fọlá: Mílíìkì inú agolo ni mo fi omi là fún un. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ti ológbò ní Ìsánlú? Ojú rẹ̀ ti là, eyín ni kò tíì hù. Mo fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ báyìí, ó tutù bí omi inú àmù. Erìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ pànádọ́ọ̀lù díẹ̀ fún un.

Olùtọ́jú Ẹran: Rárá o! Pànádọ́ọ̀lù ń pa ológbò. Ìyá Fọlá, ẹ má fún un lóúnjẹ kankan tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, kò ní dà. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ tó lè sún sí bí ó bá gbóná jù. Bí ara rẹ̀ bá ti móoru, ẹ fi oyin díẹ̀ pa á ní erìgì. Ṣé eégbọn wà lára rẹ̀? Wọ́n lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ tán.

Ìyá Fọlá: Ó pọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti pa wọ́n. Mo fi kẹrosíìnì pa á lára láàárọ̀ àná. Bí màmá mi ṣe ń ṣe fún adìẹ nìyẹn.

Àǹtí Mọ̀pà: Kẹrosíìnì kẹ̀! Láti àárọ̀ lẹ ti ń ro ẹjọ́ ọkọ, ẹ ò sọ ìyẹn.

Bàbá Kàbà: Ẹ má bú u. Ta ló kọ́ ọ?

Olùtọ́jú Ẹran: Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀mí yìí là ná. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ọṣẹ má wọ ojú àti ẹnu. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí òtútù náà lè pa á. Ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀, ẹ má sì mú un bì. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn elétò ìlera ẹran ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ wọkọ̀ lọ Kàbà. Ẹ má dúró dọ̀la.

Ìyá Fọlá: Mo ti wẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, fín-ín báyìí. Ó wà láyà mi lábẹ́ ìborùn. Kò sí ẹnìkan ní ọ́fíìsì. A ti wà ní gáréèjì, Fọlá gbé ike omi náà dání, ó ku èrò méjì.